Greyhound tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìje: ìwà rẹ̀ nìyẹn, àbí ara rẹ̀ ni kò yá?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó ń sin ajá. Thamesmead, ní London, lèmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba greyhound kan sọ́dọ̀ ni, akọ, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu eré ìje. Èrò mi ni pé ajá eléré bẹ́ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé mọ́ wa lórí. Àmọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, oorun ni. Á dojú ikùn sókè, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí òfuurufú, á máa hanrun. Nígbà míì ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ kedere, síbẹ̀ oorun ló ń sùn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, eyín rẹ̀ á máa lu ara wọn bíi ti ẹni tí òtútù mú. Kò mọ àtẹ̀gùn gùn. Bá a bá mú un jáde, á kàn dúró gbagidi láàárín ọ̀nà, kò ní lọ síwájú, kò ní padà sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wá kí wa sọ pé àlòkù ajá ni wọ́n gbé fún mi, pé kí n tètè dá a padà. Ìyàwó mi ní ìbànújẹ́ ló ń bá a jà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ká gbà gbọ́?

*

ÌDÁHÙN

Mo ti ka ìbéèrè yín, mo sì ti ka èsì àti ìbéèrè tí àwọn yòókù kọ sábẹ́ rẹ̀, màá dáhùn gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ má dá ajá náà padà o. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí ojú àwa tó ń bá greyhound gbélé kò rí rí. Abo ni tèmi, ó dúdú kirikiri. Ireland ni wọ́n ti bí i, níbi tí wọ́n ti bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ajá tó ń sáré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì tí wọ́n fín sínú etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tanímọ̀la là ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oorun. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí ajá bá ti mọ eré sá, gbogbo ọjọ́ ni yóò máa wá ibi tó máa sá a sí. Ajá darandaran bíi border collie lẹ ń rò yẹn. Ìje tó wọ́pọ̀ fún greyhound nílẹ̀ yìí kò ju nǹkan bíi mítà 480 lọ, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 ó ti parí. Eré náà lè tó kìlómítà 70 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ó di ilé. Ìje kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ni, ìyókù ọ̀sẹ̀, orí ibùsùn ní kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá ìje, ló wà. Oorun wákàtí 16 sí 18 lójúmọ́ kì í ṣe ohun àjèjì fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tó ń pè é ní ọ̀lẹ jiyàn. Ajá tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ iṣan, tí ọ̀rá kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ tóbi ju ti ọ̀pọ̀ ajá lọ, níbo ni ọ̀lẹ ti wọ ọ̀rọ̀ náà? Ẹ mú un rìn fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ti tó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fúláàtì gan-an ni ajá yìí dára fún.

Ti pé ó ń dojú ikùn sókè, ẹ jẹ́ kí inú yín dùn sí i. Ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í ṣí ikùn sílẹ̀ sùn. Ẹ wá wo Tanímọ̀la lálẹ́. Á kọ́kọ́ fi èékánná tú dúfè rẹ̀ kiri, á yí i po títí, á ṣubú lulẹ̀ gbì, á mí kanlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, á yí padà. Ẹsẹ̀ iwájú á ká kò sí àyà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á ya gbàgà, ètè òkè á ṣí nítorí pé ó ti dorí kodò, gbogbo eyín á hàn síta. Etí kan á tẹ́ sílẹ̀, èkejì á nà sókè. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á ní ajá ti kú.

Ojú tó là sílẹ̀ lójú oorun náà wọ́pọ̀ láàárín wọn. Bí ojú ọ̀hún kò bá pọ́n, tí kò sì ṣe ipin, ẹ fi í sílẹ̀.

*

Mo ti ka ohun tí àwọn yòókù kọ nípa eyín tó ń lu ara wọn. Ẹnìkan ní òtútù ni, òmíràn ní warapa ló ń bọ̀. Mi ò gbà. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ wọlé dé ló ń ṣe é, tí ìrù ń jù, ayọ̀ ni. Òmíràn nínú wọn á tún kọjá bẹ́ẹ̀, á fi eyín iwájú máa jẹ apá aṣọ ènìyàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìfẹ́ ni, àmọ́ bó bá bá ara, ó máa ń dùn ènìyàn o! Èmi máa ń tètè ki ohun ìṣeré rírọ̀ kan sí Tanímọ̀la lẹ́nu, á wá máa fi ṣe é.

Ìrù yẹn náà, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ó gùn, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí inú ajá bá dùn jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á lù ú títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Ojú àyè gbayawu ni kẹ́ ẹ ti máa kí i.

Ibi tí èmi ti máa fura sí eyín ni bó bá jẹ́ pé nídìí oúnjẹ ló ti ń gbọ̀n, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ń rùn. Eyín ọ̀pọ̀ greyhound tó ti ìdí ìje wá kì í dára. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ ra ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ṣe fún ajá, kì í ṣe tiwa. Bí dókítà ẹranko bá ní òun fẹ́ fi oògùn mú un sùn kóun tó yọ eyín, ẹ rí i pé dókítà náà mọ greyhound dáadáa. Àwọn oògùn kan wà tó máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ti ajá mìíràn lọ kó tó jí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà yàtọ̀: sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, ẹni tí kò bá mọ̀ lè ka èsì àyẹ̀wò kó sọ pé omi ló gbẹ lára ajá.

Òtútù náà wà lóòótọ́. Irun rẹ̀ kúrú, kò ní irun mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá ara rẹ̀ sì kéré. Mo mọ̀ pé àwa ọmọ Nàìjíríà máa ń rẹ́rìn-ín bá a bá rí òyìnbó tó wọ kóòtù fún ajá, àmọ́ ti greyhound kì í ṣe fáàrí. Bí òtútù bá dé, Tanímọ̀la ní kóòtù tòde, ó sì ní pìjámà tó ń wọ̀ sùn.

*

Wàyí o, dídúró gbagidi lọ́nà. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàárín wa. Àwọn kan ní kẹ́ ẹ fà á. Àwọn kan ní kẹ́ ẹ máa fi bísíkíìtì tàn án. Àwọn kan tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ gbé e, ajá tó lè wọn ìwọ̀n kìlógíráàmù 30!

Èmi lòdì sí fífà pátápátá. Orí greyhound tín-ín-rín, kò fẹ̀ tó ọrùn rẹ̀. Bó bá fà sẹ́yìn pẹ́nrẹ́n, kọ́là lásán á yọ kúrò, ajá á bọ́ sójú títì láàárín bọ́ọ̀sì. Kọ́là fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní martingale, tó máa ń fún díẹ̀ bí ajá bá fà, lẹ nílò. Ti bísíkíìtì, ó máa tètè yé ajá pé bóun bá dúró, oúnjẹ á dé.

Ẹ wo ìdí tó fi ń dúró. Ojú ló fi ń ṣọdẹ, ó sì máa ń rí ohun tó wà lọ́nà jíjìn réré tí ẹ̀yin kò tíì rí. Nígbà tó wà ní kẹ́nẹ́ẹ̀lì, òun àtàwọn ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló jọ ń jáde, ojú ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Kò mọ kẹ̀kẹ́ ọmọdé, kò mọ ọkọ̀ akólẹ̀. Ó dúró kó lè wo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni. Bí Tanímọ̀la bá dúró, èmi náà á dúró. Màá wo ibi tó ń wò. Lẹ́yìn náà màá yà sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe iwájú, màá yí bírípo kékeré kan, a ó sì máa lọ. Ibì kan wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja ládùúgbò wa tí kì í kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ bí wọ́n bá ti gbé garawa ìdọ̀tí kúrò níbi tó mọ̀ ọ́n sí. Á tẹjú mọ́ àyè tó ṣófo yẹn, á fi imú fa afẹ́fẹ́, á wò mí lójú, á tún wo àyè náà. Mo ti wá fẹ́ràn ìdúró yẹn gan-an, nítorí mò ń rí bí ó ṣe ń ronú.

*

Ọ̀kan nínú yín béèrè pé ajá wo ni kì í jókòó, àti pé ṣé òpè kọ́ nìyẹn.

Ó lè jókòó, ìrọ̀rùn ni kò sí níbẹ̀ fún un, nítorí bí iṣan itan rẹ̀ ṣe ki. Ó yàn láti dúró tàbí kó dùbúlẹ̀. Kẹ́ ẹ má fi ìjókòó dán ọgbọ́n rẹ̀ wò. Mick the Miller, ajá Ireland tó gba ìje ńlá tí wọ́n ń pè ní Derby àwọn greyhound ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1929, tó tún gbà á lọ́dún 1930, ọgbọ́n orí pápá ni wọ́n fi ń yìn ín, bó ṣe ń mọ ibi tí àyè máa ṣí sí níbi kọ́nà kí àwọn yòókù tó mọ̀. Nígbà tó kú, wọ́n fi oògùn tọ́jú òkú rẹ̀ kó má baà jẹrà, ó ṣì dúró nínú mùsíọ́ọ̀mù ní ìlú Tring, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di òní.

Dípò ìjókòó, ohun tí greyhound mọ̀ ni fífara tini. Á wá bá yín níbi tẹ́ ẹ dúró sí, á fi ẹ̀gbẹ́ ara kan tì yín nítan, á jọ̀wọ́ gbogbo ara sílẹ̀. Nígbà tí ìyá mi wá láti Ìbàdàn, Tanímọ̀la bá wọn ní kíṣíìnì níbi tí wọ́n ti ń já ewédú, ó fara tì wọ́n. Màmá sún díẹ̀. Ó sún tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tún sún, ó tún sún, títí Màmá fi kan ògiri. "Kí ni ajá yìí ń wá lára mi?" Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń bi mí láràárọ̀ bóyá ó ti jẹun.

Àtẹ̀gùn: kò rí i rí ni, kẹ́nẹ́ẹ̀lì kò ní òkè. Kí ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀, kó fọwọ́ ti ìdí rẹ̀ lẹ́yìn. Kí ẹnìkejì wà níwájú, kó máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ̀gùn díẹ̀ nísàlẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ le ju gígùn lọ, ẹ má kánjú. Bí ìlẹ̀kùn yín bá jẹ́ gíláàsì, ẹ lẹ nǹkan aláwọ̀ mọ́ ọn ní ìwọ̀n ibi tí ojú ajá dé, kó má baà lọ fi orí gbá a.

*

Arákùnrin tó ní òun máa ń tú tòun sílẹ̀ ní páàkì, pé ajá tá a bá kọ́ dáadáa á gbọ́ ìpè: mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ò tiẹ̀ ní fèrè lọ́wọ́. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń yan àwọn baba ńlá rẹ̀ nítorí pé bí wọ́n bá rí ehoro, wọn kì í bojú wẹ̀yìn. Tó bá rí ọ̀kẹ́rẹ́ kan báyìí, kẹ́ ẹ tó parí orúkọ rẹ̀, ó ti dé òdìkejì pápá. Ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ń bẹ níbẹ̀, awọ rẹ̀ sì máa ń ya bí ìwé.

Ẹ wá pápá olódi tí wọ́n ń háyà fún wákàtí kan. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i bó ṣe rí gan-an. Tanímọ̀la á kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́, á gbọ́ òórùn koríko, àfi bó bá tẹ̀ ba lójijì, ó ti lọ! Ẹ̀ẹ̀mejì lẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń kúrò nílẹ̀ nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á máa fò lẹ́yìn rẹ̀. Á yípo, á tún yípo, ẹnu á ṣí. Lẹ́yìn náà á rìn lọ sídìí géètì, á dúró. Ó ti parí nìyẹn. Bẹ́ ẹ ju bọ́ọ̀lù, kò ní wò ó.

Ẹni tó béèrè nípa ológbò: ẹ ní kí àwọn tó fẹ́ fún yín lájá bá yín dán an wò pẹ̀lú ológbò kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Òmíràn kò ní bìkítà, òmíràn kò ṣeé kọ́ láéláé. Bó bá délé, kó wọ ohun ìbonu láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó sì ń bá ológbò sùn lórí sófà lè máa lé ológbò kan náà bó bá rí i níta.

*

Ẹ ní ọmọ méjì nílé, torí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí. Ajá pẹ̀lẹ́ ni greyhound. Àmọ́ ẹ rántí ibi tó ti ń sùn látilẹ̀wá: ìró ẹsẹ̀ àti ìró ìlẹ̀kùn ló máa ń gbọ́ kí ènìyàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọdé kan kò ṣubú lé e lójú oorun rí. Bó bá wá ṣẹlẹ̀, pàápàá tí ojú rẹ̀ là tí ọmọ rò pé ó jí, ó lè ta gìrì, kó kùn, kó tiẹ̀ ṣánu. Àwọn kan á ní kí wọ́n lé ajá náà jáde. Àbí kí àwa tá a gbọ́n ju ajá ṣètò ilé wa?

Ẹ fi ibùsùn rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan tí ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ dé. Òfin tí àwọn ọmọ tèmi ń tẹ̀ lé ni pé wọn á pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè, wọn á sì wo etí. Bí etí kò bá mì, ẹ padà lẹ́yìn. Bó bá sì kùn mọ́ yín lórí sófà, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Kíkùn yẹn, ìkìlọ̀ ni, ajá tẹ́ ẹ bá kọ́ láti má kìlọ̀ ló léwu. Ẹ fi oúnjẹ pè é sọ̀ kalẹ̀.

*

Ẹnìkan ní ṣé mọ̀lẹ́bí tó jẹ́ Mùsùlùmí lè wá kí ni nílé tí irú ajá bẹ́ẹ̀ wà. Àǹtí ìyàwó mi máa ń wá, wọn kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ àti ẹní ìkírun wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Géètì ọmọdé kan là ń gbé sẹ́nu yàrá. Tanímọ̀la lè fò ó bó bá fẹ́, kò gbìyànjú rẹ̀ rí. Á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á gbé àgbọ̀n lé e lórí, á máa wo Àǹtí.

Oúnjẹ wa ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Àlùbọ́sà lóró fún ajá, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọbẹ̀ wa. Egungun adìẹ tá a ti sè máa ń fọ́ sí ṣóńṣó ṣóńṣó nínú ìfun. Àwọn àgbà á ní ajá ló ni egungun. Mo mọ̀. Ẹ ṣì bá mi gbé e kúrò níwájú rẹ̀.

Ní ti orúkọ Yorùbá tí mo sọ ajá mi: àwọn baba wa náà ń sọ ajá lórúkọ, orúkọ tó ń pòwe mọ́ aládùúgbò. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

*

Ìjà lórí ìje fúnra rẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, n ò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láti ọdún 1926 tí àwọn ajá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé ehoro àtọwọ́dá ní pápá Belle Vue, Manchester, ni ìje náà ti wà nílẹ̀ yìí. Pápá ìje Crayford, tí kò jìnnà sí yín ní Thamesmead, tilẹ̀kùn ní January 2025. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba Wales kéde pé àwọn máa fòfin de ìje náà. New Zealand ti kéde tiwọn ní December 2024. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní kó dópin lèmi wà, nítorí egungun tó ń ṣẹ́ níbi kọ́nà pápá. Síbẹ̀, mi ò ní bá yín bú àwọn òṣìṣẹ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Ajá tó ń fara ti àlejò, tó ń jẹ́ kí dókítà yẹ ẹnu rẹ̀ wò láìjanpata, ẹnìkan ló fọwọ́ pẹ̀lẹ́ tọ́ ọ.

*

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ẹ̀gbọ́n yín kò tọ̀nà. Ìyàwó yín tọ̀nà díẹ̀. Àárò lè máa sọ ọ́ lóòótọ́, nítorí ajá méjì méjì ló sábà máa ń gbé yàrá kan ní kẹ́nẹ́ẹ̀lì, kò dá wà rí. Àmọ́ ajá tí ìbànújẹ́ bá kì í sábà dojú ikùn sókè sùn kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ óò mọ̀ ọ́n bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láìsí ooru, tó ń rìn kiri yàrá, tó kọ oúnjẹ, tó ń ké bẹ́ ẹ bá jáde. Ẹ máa fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Bí bàtà bá sọnù, ẹ wò lórí ibùsùn rẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn máa ń kó nǹkan wa jọ síbẹ̀ láìjẹ ẹ́, wọ́n á kàn gbé orí lé e.

Dókítà ni kẹ́ ẹ sáré lọ bí ikùn rẹ̀ bá wú, tó ń gbìyànjú àtièébì tí kò rí nǹkan kan pọ̀. Ìyẹn kò gba ìdúró rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Bó bá ń tiro, ẹ kọ́kọ́ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí wọ́n máa ń ní kókó líle níbẹ̀. Bẹ́ ẹ kò bá rí nǹkan kan tí títiro náà kò sì lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ ọ̀hún, torí jẹjẹrẹ egungun máa ń ṣe wọ́n ju ọ̀pọ̀ ajá lọ.